Èdè Ilé Nínú Kíláàsì: Àyẹ̀wò Ìlànà Ìkọ́ni Tuntun ní Ìlú Douala

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ nípa ìlànà tuntun fún ìkọ́ni àti fún ẹ̀kọ́ kíkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ni àwọn olùkọ́ ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yóò fi wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára. Lóde òní, ohun èlò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò bí wọ́n bá gbọ́ pé ìlànà tuntun dé: kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò wúlò. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ogún kọ̀ǹpútà sínú yàrá kan, tí olùkọ́ ṣì ń fi èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ronú kọ́ ọ, aṣọ nìkan ni a pààrọ̀, ara kò yí padà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ìlànà kan ní tuntun.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwùjọ rí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Joliet Junior College ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí ni ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, tí owó rẹ̀ kò ga jù, tí ó sì ń kọ́ni ní ohun tí àdúgbò ń fẹ́. Ní ilẹ̀ tí Faransé ti ṣe ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí orúkọ ṣe yàtọ̀ tó, ìbéèrè kan náà ni ó kan àwọn méjèèjì: kí ni ó ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ti àwùjọ? Ṣé nítorí pé àárín àwùjọ ni a kọ́ ọ sí ni, tàbí nítorí pé àwùjọ lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀?

Ìlú Douala ní Kamẹrúùn yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Èbúté ńlá ni, ìlú okòwò sì ni. Èdè tí a ń sọ ní Kamẹrúùn lé ní 250, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní àwọn tó ń sọ ọ́ ní Douala. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Libermann, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jesuit ń darí níbẹ̀, ti fi èdè ilẹ̀ Kamẹrúùn kún àwọn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń gbé kalẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ yẹn wà lára ìlànà tuntun tó jinlẹ̀ jù lọ ní ìlú náà. Àbùkù rẹ̀ kò sí nínú pé ó pe èdè abínibí wọlé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ó gbà á sí, kò mú un dé ìyẹ̀wù.

Bí Ìwé Ṣe Dé Etí Odò Wouri

Kí ìjọba Òyìnbó kankan tó fìdí múlẹ̀ ní Douala ni èdè Duala ti di èdè ìwé. Joseph Merrick, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, dá ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bimbia, ní etíkun tí kò jìnnà sí Douala, ní àárín àwọn ọdún 1840. Alfred Saker bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Douala ní 1845, ó sì parí ìtumọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Duala ní 1872. Sáà kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí èdè Yorùbá. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Ọ̀nà kan náà ni èdè méjèèjì gbà bọ́ sínú ìwé, nítorí ìwàásù ni a ṣe kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá yóò mọ ìtàn Duala bí ẹni mọ ìtàn ìbátan.

Ní oṣù keje ọdún 1884 ni àwọn ọba Duala bá àwọn oníṣòwò Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní 1887, Theodor Christaller, olùkọ́ tí ìjọba Jámánì rán wá, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Douala. Olùkọ́ yìí kò dúró lórí èdè Jámánì nìkan. Ó kọ́ èdè Duala, ó sì ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀, èyí tó jáde ní 1892. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Kò tíì wọ́pọ̀ lónìí pàápàá.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì Basel mú èdè Duala kọjá ààlà àwọn tó ni ín, wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe ọmọ Duala. Èdè tó jẹ́ abínibí fún ẹnì kan wá di èdè àjèjì fún ẹnì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde wá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún gbogbo ẹni tó rò pé bí a bá ti mú èdè Òyìnbó kúrò, tí a fi èdè ilẹ̀ wa kan rọ́pò rẹ̀, ìṣòro ti parí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé gba apá tó pọ̀ jù nínú Kamẹrúùn, Douala sì wà nínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ni òfin wọn ti fi èdè Faransé ṣe èdè kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀ gbọ́dọ̀ fi kọ́ni. Lókè ní Foumban, Ọba Njoya ti ṣe ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀ fún àwọn Bamum, ó sì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un. Àwọn aláṣẹ Faransé pa ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí tì, ọba náà sì kú sí ìgbèkùn ní Yaoundé ní 1933. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, tí apá méjèèjì orílẹ̀-èdè náà sì parapọ̀ ní 1961, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni a yàn ní èdè ìjọba. Èdè ilé padà sí ilé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Libermann àti Ìwé Tí Ó Tẹ̀

Inú irú ipò yìí ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Libermann ti gbé ìgbésẹ̀ rẹ̀. Kò sí òfin tó pàṣẹ fún un. Ọdún púpọ̀ ló kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà tó mẹ́nu kan èdè abínibí. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí nínú ìgbésẹ̀ náà.

Èkíní ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò mú èdè kan ṣoṣo. Ìlú Duala ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé Duala nìkan ni kí gbogbo ọmọ kọ́. Basaa wà níbẹ̀, àwọn èdè mìíràn tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbọ́ nílé sì rí àyè. Wọ́n ti yẹra fún àṣìṣe àwọn míṣọ́nnárì Basel. Ní ìlú tí ọmọ Basaa, ọmọ Bamiléké, ọmọ Ewondo àti ọmọ Duala jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀wọ̀ ni èyí ṣáájú kí ó tó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa gírámà.

Èkejì ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dúró de ìwé láti Paris tàbí láti yunifásítì. Ní 1973, orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ó wà lára ìwé atúmọ̀ èdè Basaa sí Faransé tí Pierre Lemb àti François de Gastines ṣe. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣì ń tọ́ka sí ìwé náà. Kí ilé-ẹ̀kọ́ girama tẹ ìwé atúmọ̀ èdè jáde kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé yunifásítì á ṣe ìwádìí, ìjọba á ṣe ètò-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ á sì máa gba ohun tí a bá fún un. Níhìn-ín, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó rí i pé òun kò ní irinṣẹ́, tí ó sì rọ ọ́. Ẹni tó bá ti kọ́ni ní èdè tí kò ní ìwé atúmọ̀ yóò mọ ohun tí èyí ń sọ. Láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọjọ́ Ajé lè yàtọ̀ sí bí yóò ṣe kọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé èdè òun ni kò lófin.

Ẹ̀kẹta ni ìṣarasíhùwà olùkọ́. Éric de Rosny, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí ó ti ń kọ́ni, ó ya àkókò sọ́tọ̀ láti kọ́ èdè Duala, ó sì jókòó ti àwọn oníṣègùn ìlú láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwé rẹ̀, Les yeux de ma chèvre, tó jáde ní 1981, ni àkọsílẹ̀ ohun tí ó rí. Àwọn tó ka ìwé náà nítorí awo àti ìṣègùn pọ̀. Olùkọ́ lè kà á fún ìdí mìíràn: ó jẹ́ ìtàn ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ ìlú kan kí ó tó mọ̀ pé òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá dé ilé. Ìwé náà kò pe ara rẹ̀ ní ìwé ìlànà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ nípa ìkọ́ni kò kéré.

Níbi tí ìyìn dé yìí ni àríwísí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni èdè abínibí jẹ́ nínú ètò náà. Kò di èdè-ìkọ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde ní kíláàsì Basaa, èdè Faransé ni ó ń pàdé nínú ìṣirò, nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, nínú sáyẹ́ǹsì. Ohun tí èyí ń sọ fún ọmọ náà láìfẹnu sọ ọ́ ni pé èdè bàbá rẹ̀ dára fún òwe àti àlọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí omi ṣe ń di òyì. Ọmọ kì í gbàgbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kejì, bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ní kíláàsì tirẹ̀, àwọn èdè náà jọ ń gbé ilé kan, wọn kò sì jọ ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Duala kò mọ ohun tí ọmọ Basaa ń kọ́ ní yàrá kejì. Èdè Faransé nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ gbogbo yàrá.

PROPELCA àti Èdè Mẹ́ta

Iṣẹ́ tó gbìyànjú láti dí àlàfo yìí ni èyí tí a mọ̀ sí PROPELCA, tí Maurice Tadadjeu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yaoundé bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí ó sì wọ kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Duala, Ewondo, Fe'fe' àti Lamnso' ni wọ́n kọ́kọ́ mú lò. Èrò tí Tadadjeu gbé kalẹ̀ ni pé ó yẹ kí ọmọ Kamẹrúùn mọ èdè mẹ́ta ó kéré tán: èdè abínibí rẹ̀, èdè ìjọba kan, àti èdè kẹta tí ó lè jẹ́ èdè ìjọba kejì tàbí èdè ilẹ̀ Kamẹrúùn mìíràn. Nínú kíláàsì, èdè abínibí ni ó ń gba àkókò tó pọ̀ jù ní ọdún kìíní. Bí ọdún ti ń lọ ni èdè ìjọba ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n pọ̀ nínú ètò yìí. Ó mọ̀ pé ọmọ kò lè kọ́ ìwé kíkà àti èdè àjèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìpàdánù ọ̀kan. Ó tún ní irinṣẹ́: ní 1979 ni àwọn onímọ̀ èdè Kamẹrúùn fẹnu kò lórí álífábẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo èdè ilẹ̀ náà lè lò. Òǹkàwé Yorùbá tó bá ṣí ìwé Basaa yóò rí ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ Yorùbá ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ tó bá ti kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú èdè kan ti ní kọ́kọ́rọ́ sí ìwé èdè mìíràn.

Ohun tó tún gbé PROPELCA ga ni ìgbìmọ̀ èdè. Àwọn elédè fúnra wọn ni wọ́n kóra jọ láti pinnu àkọtọ́, láti wá owó ìwé, láti kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà, ẹgbẹ́ kan sì so irú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé-ẹ̀kọ́ àwùjọ ní òtítọ́, ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ni àwùjọ.

Síbẹ̀, ètò ìdánrawò ni PROPELCA jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, pàápàá ti ìjọ Kátólíìkì, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1996 ṣèlérí láti dáàbò bo èdè ilẹ̀ náà àti láti gbé wọn lárugẹ. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1998 tún un sọ. Ọdún 2008 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ olùkọ́ ní Yaoundé tó ní ẹ̀ka fún èdè àti àṣà ilẹ̀ Kamẹrúùn. Láàárín ìgbà tí Libermann bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olùkọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tó ogójì ọdún. Ẹni tó bí ọmọ ní ọdún tí Libermann bẹ̀rẹ̀ ti lè ní ọmọ tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kí olùkọ́ àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí.

Mọ́dákẹ́kẹ́ Kì í Ṣe Douala

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí yóò ka ìtàn yìí tí kò ní rántí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àwọn ọmọ kejì gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ. Iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìperí bá a rìn. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990.

Ohun tí Ifẹ̀ ṣe tí Libermann kò ṣe hàn gbangba: Ifẹ̀ mú èdè wọ ìyẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò Ifẹ̀ bí ó ti wà lọ sí Douala yóò ṣubú. Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ ní 1970 gbọ́ Yorùbá nílé, ó gbọ́ ọ ní ọjà, ó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó jókòó tì í. Ní Douala, bàbá lè jẹ́ Basaa kí ìyá jẹ́ Bamiléké, kí àwọn méjèèjì sì máa fi Faransé bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ni ó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ni èdè abínibí rẹ̀, yóò dárúkọ èdè tí kò lè sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Èkó ìsinsìnyí, kò sì jìnnà sí àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí ní London. Ètò tó bá gbára lé pé ọmọ ti mọ èdè kan kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ yìí.

Moto, Mut, Mod

Bí ọ̀nà méjèèjì bá kù díẹ̀ káàtó, kí ni ó kù? Ohun tó kù wà nínú ètò Libermann fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì lò ó tán. Èdè púpọ̀ tí gbogbo ènìyàn kà sí ìdíwọ́ ní Douala ni ohun èlò tí kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè pèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo kíláàsì kan tí ọmọ Duala, ọmọ Basaa àti ọmọ Ewondo wà. Olùkọ́ ní kí wọ́n sọ bí a ṣe ń pe ènìyàn kan ní ilé wọn. Ọmọ Duala ní moto, ọmọ Basaa ní mut, ọmọ Ewondo ní mod. Olùkọ́ ní bí wọ́n bá pọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní bato, ɓot, bod. Kò sí ẹni tó nílò kí olùkọ́ sọ fún òun pé nǹkan kan ń yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àti pé nǹkan kan náà ni ó ń yí padà nínú èdè mẹ́ta. Olùkọ́ tún bèèrè omi. Madiba ni Duala, malep ni Basaa, mendim ni Ewondo. Àwọn ọmọ yóò rí i pé ìdí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọra. Olùkọ́ lè wá rán wọn lọ sí ilé pé kí wọ́n bi ìyá àgbà léèrè bí a ṣe ń pe àwọn ohun olómi mìíràn, kí wọ́n wò ó bóyá irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ yìí ti ṣe ohun tí onímọ̀ èdè ń ṣe: wọ́n kó ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n tò ó, wọ́n rí òfin, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn dán òfin náà wò. Ìlànà sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn. Ọmọ tí Faransé nìkan ni ó ń sọ kò jókòó lásán, nítorí ó ní ìyá àgbà tí yóò bi léèrè, ó sì ní ẹ̀bùn tí yóò mú padà wá sí kíláàsì. Èdè tí kò lè sọ di èdè tí ó ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ Duala, ọmọ Basaa àti ọmọ Ewondo ti rí i pẹ̀lú ojú ara wọn pé ìbátan ni wọ́n. Ìwàásù nípa ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè kò lè ṣe tó èyí.

Ìgboro náà kò ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ Douala ní èdè àmúlùmálà tiwọn, èyí tí a ń pè ní camfranglais, tí ó da Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Pijin àti èdè ilẹ̀ Kamẹrúùn pọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kà á sí ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń pe ọmọ ní muna nínú èdè náà ń sọ Duala, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orin makossa, tí Manu Dibango, ọmọ Douala, sọ di ohun tí ayé gbọ́ láti 1972, ti mú èdè Duala dé ibi tí àwọn míṣọ́nnárì kò mú un dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wá ọ̀nà tuntun lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wà, kí ó bi wọ́n pé níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ta ni ó ni ín, báwo ni bàbá àgbà yín ṣe ń pè é.

Ìdánwò àti Òfin

Ìlànà tó dára kò lè dúró bí ìdánwò bá ń tì í ṣubú. Òbí ń wo ìwé ẹ̀rí, ilé-ẹ̀kọ́ ń wo òbí, olùkọ́ sì ń wo ìdánwò. Níwọ̀n ìgbà tí máàkì tó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì bá wà lọ́wọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, èdè ilẹ̀ yóò máa jẹ́ iṣẹ́ tí a ń fi kún àkókò tó ṣẹ́ kù. Òbí tó yan Faransé fún ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ó ń ka òǹkà tí ìjọba kọ síwájú rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú lè yí padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tó sọ pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ètò Ifẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà láti ọjọ́ pípẹ́, ìdáhùn náà sì wà nínú ìwé. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ìwádìí tó péye nìkan kò lè dáàbò bo ìlànà kan. Douala bẹ̀rẹ̀ láìsí òfin, ó sì wà síbẹ̀ nígbà tí òfin dé. Ifẹ̀ ní ẹ̀rí, ó ní òfin nígbà kan, ó sì pàdánù rẹ̀. Èyí tó ń wà pẹ́ ni èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ àti àwùjọ jọ di ọwọ́ mú.

Àgbálọgbábọ̀

Àríwísí tí a ṣe sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Libermann kì í ṣe láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbìyànjú kò ní àbùkù tí a lè tọ́ka sí. Ó fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lè gba èdè púpọ̀ láyè, lè tẹ ìwé atúmọ̀ èdè, lè sọ olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. PROPELCA fi ìgbìmọ̀ àwọn elédè kún un. Ifẹ̀ fi hàn pé èdè ilé lè ru gbogbo iṣẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn olùkọ́ èdè ní Douala àti ní ilẹ̀ Yorùbá ni láti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: kí èdè púpọ̀ wà nínú yàrá kan náà, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe òwe àti àlọ́ nìkan.

Bí ọmọ tó bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè lálẹ́ àná bá padà dé kíláàsì ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí olùkọ́ kò mọ̀. Kí olùkọ́ mú ẹfun, kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, kí ó sì bi àwọn yòókù pé: ní ilé tiyín ńkọ́?